Àkísà Tí Kò Mu Àwọ̀

Mo pa irọ́ kan ní Gaa-Akanbi, ní Ìlọrin, nínú oṣù Kejì, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí ló ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Irọ́ kékeré ni. Ọmọkùnrin kan tó ń kun ọkọ̀ wo bọ́nẹ́ẹ̀tì Corolla dúdú tí mo gbé wá, ó fi ìka kan ibì kan tó ti ràwọ̀ létí ọwọ́ ọ̀tún, ibi tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe eléyìí?” Mo ní, “Àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ ni.” Ó mi orí, ó bú wọn díẹ̀. Èmi náà bá a mi orí.

Èmi ni mo ṣe é. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, ní Sátidé kan ní Tanke, pẹ̀lú ìgboyà ẹni tó kọ́ṣẹ́. Ọkọ̀ àbúrò mi obìnrin ni. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ohun tó kàn ń ṣe ni pé tó bá wá sílé wa báyìí, á gbé ọ̀tún ọkọ̀ náà sún mọ́ ògiri débi pé adìẹ gan-an ò ní lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó rò pé mi ò fura.

Èmi tí mo máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ ládùúgbò, tí mo máa ń sọ fún gbogbo ayé pé wọn ò kọ́ṣẹ́, èmi yìí ni mo ṣe ohun tí ìkankan nínú wọn ò tíì ṣe rí. Kì í sì í ṣe pé mo gbàgbé ẹ̀kọ́ mi. Ẹ̀kọ́ mi gan-an ni mo tẹ̀ lé.

Gárejì Òfà

Ìsinmi gígùn mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ náà, láti 1993 sí 1995, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gárejì Òfà níbí ní Ìlọrin. Ọ̀gá mi kì í ṣe pẹ́ńtà. Tirẹ̀ ni kó fọ ọkọ̀, kó rọ́bín in, ìyẹn kó fi ọ̀rá tó ń ha ojú ọ̀dà ra á, kó fi pòlíìṣì sí i, kí awakọ̀ tó ń ná Àjàṣẹ́, Òfà àti Òmù-Àrán lè fi yangàn níwájú èrò. Pẹ́ńtà wà nínú ọgbà kan náà, bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí wa, àmọ́ pẹ́ńtà kì í bá ẹni tó ń fọ ọkọ̀ jókòó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, màá padà sí i.

Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ ìgbà náà á rántí bí ara wọn ṣe máa ń rí. Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975, Datsun, àti Volkswagen ìjàpá, pàápàá ìjàpá. Ọ̀dà tó ní àwọ̀ gan-an ló kọjú sí oòrùn lára wọn, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Oòrùn á jẹ ojú ọ̀dà náà títí á fi kú, á di ẹfun. Bí o bá fi ọwọ́ ra ìjàpá pupa, ọwọ́ rẹ á dà bíi ti ẹni tó fi ọwọ́ kan osùn. Iṣẹ́ rọ́bín ni kó bó òkú ọ̀dà yẹn kúrò, kí ààyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ yọjú. Ọkọ̀ tó ti dà bí igbá àná á tún máa kọ mọ̀nà. Mo rí awakọ̀ kan tó sunkún lójú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní kò mọ̀ pé àwọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé a ti ṣe é tó? Àkísà. Ọ̀gá kì í wo ọkọ̀ tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ nínú wa, àkísà ọwọ́ wa ló máa ń gbà wò. Àkísà tó bá ti pọ́n, tàbí tó di búlúù, òṣìṣẹ́ gidi ló mú un. Èyí tó bá ṣì funfun, ó ní ọ̀lẹ ni. Ìfọ́tí kan ṣoṣo tí mo jẹ lọ́wọ́ ọkùnrin náà ní ọdún mẹ́ta, àkísà funfun ló fà á. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: okùn tí Ọ̀gá máa ń sá tirẹ̀ sí gùn láti ọwọ̀n dé ọwọ̀n, pupa, búlúù, ewé, bí ẹ̀yìnkùlé aláró. Àwọn oníbàárà á wo okùn yẹn, wọ́n á sì mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ni wọ́n kó ọkọ̀ wọn lé.

Mo lọ sí ilé ìwé, mo wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì, mo gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan. Mi ò gbàgbé àkísà.

Ọ̀sán Sátidé

Ẹnì kan ló gbé agbada irin lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì àbúrò mi lójú ọjà, ó sì wọ́ ọ kúrò dípò kó gbé e. Ìlà mẹ́ta, tín-ín-rín, bí ìlà ojú. Àbúrò mi ní, “Brọ̀dá mi, ṣebí ẹ máa ń sọ pé ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí rí?” Bí èèyàn bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àbúrò, kò sí bí kò ṣe ní ká ọwọ́ aṣọ.

Mo lọ sí ojú ọ̀nà Táíwò, mo ra sáńpépà onínọ́ńbà 1500 àti rọ́bín agolo kan. Mo fi omi rin sáńpépà náà, mo fi ra ojú ìlà náà jẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo wá mú àkísà funfun kan, mo bu rọ́bín sí i, mo bẹ̀rẹ̀.

Àkísà náà ò mu nǹkan kan. Mo rọ́bín in fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, funfun náà ni. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ayédèrú ni rọ́bín tí wọ́n tà fún mi. Mo gun ọ̀kadà padà lọ, mo bá ẹni tó tà á fún mi fa ọ̀rọ̀ díẹ̀, mo ra oríṣi mìíràn tó wọ́n jù ú lọ. Funfun náà ni. Mo padà sórí sáńpépà, mo wá tẹ ọwọ́ mọ́ ọn, ní pàtàkì létí ọ̀tún, níbi tí ara bọ́nẹ́ẹ̀tì ti yọ ìlà gọnbu sókè. Mo ń gbọ́ ohùn Ọ̀gá: ọ̀lẹ, ọ̀lẹ.

Àfi bí àkísà ṣe mu dúdú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀: inú mi dùn. Kì í ṣe ayọ̀ kékeré. Mo na àkísà náà sókè, mo ké sí àbúrò mi, “Wá wò ó, ó ti ń mú!” Ó jáde pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, ó wo àkísà, ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tún wo àkísà. Ó ní, “Brọ̀dá mi, ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí?” Mo ní kó dúró ná. Mo da omi sí i. Ibẹ̀ dúdú kirikiri, ó ń dán bí ojú kànga, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà omi náà gbẹ. Bó ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ń ràwọ̀ lójú wa, láti etí wá sí àárín, títí ó fi dà bí ojú pátákó ìkọ̀wé tí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nù. Mo tún da omi sí i. Ó tún dúdú, ó tún gbẹ.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo da omi sí i. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, àbúrò mi ti padà sí ìdí ọbẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí pẹ́ńtà mọ̀

Ọmọkùnrin Gaa-Akanbi yẹn, tí mo parọ́ fún, ló là mí lójú, torí ó ṣàánú mi. Ó rò pé wọ́n ṣe mí ní ibi ni. Ó ní ọ̀dà ọkọ̀ ìsinsìnyí kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó ní àwọ̀ wà nísàlẹ̀, kò sì lè dán fúnra rẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń fín ọ̀dà kejì sí, èyí tí kò ní àwọ̀ rárá, tó mọ́ gaara bí dígí. Kílíà ni wọ́n ń pè é. Kílíà ló ń dán tá a fi ń sọ pé ọkọ̀ ń dán, òun ló sì ń gba oòrùn sára kí àwọ̀ ìsàlẹ̀ má baà ṣá. Láti nǹkan bí ọdún 1980 síwájú ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti ń yí sí i, títí ó fi gba orí ọkọ̀ tó pọ̀ jù lọ. Nígbà tí èmi ń gba ìfọ́tí ní Gárejì Òfà, àwọn ọkọ̀ tó máa sọ ẹ̀kọ́ mi di asán ti wà lójú títì òkè òkun, wọ́n kàn ò tíì di tòkúnbọ̀ ni.

Mo lọ wá ìyókù kà. Gbogbo ọ̀dà ara ọkọ̀ tó jáde ní ilé iṣẹ́, láti orí irin dé òkè pátápátá, kì í sábà ju 100 sí 150 màíkírọ́ọ̀nù lọ. Kílíà nìkan kó bíi 35 sí 50 níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún màíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo, irun orí èèyàn sì nípọn tó nǹkan bíi 70. Ẹ ò rí i pé ohun tí mo fi sáńpépà ko lójú kò nípọn tó irun kan. Lórí ìlà gọnbu bíi ti etí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, ó tún máa ń fẹ́lẹ́ sí i, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ máa ń wúwo sí jù. Ká má tíì sọ ti ẹni tó ti ni ọkọ̀ náà rí kó tó dé Nàìjíríà: a ò mọ iye ìgbà tí òun náà ti rọ́bín in.

Kílíà ò ní àwọ̀, nítorí náà kò ní nǹkan tó máa fi sí àkísà. Ní gbogbo ìgbà tí àkísà mi funfun yẹn, iṣẹ́ ń lọ, ó ń lọ kọjá bó ṣe yẹ. Ìgbà tí àkísà wá mu dúdú, tí mo ń ké sí àbúrò mi pé kó wá wò ó, ìgbà náà ni mo gé kílíà já, tí mo wọ inú ẹran. Àmì tí Ọ̀gá fún mi pé mo ti ń ṣe é dáadáa ti yí padà lẹ́yìn mi, ó ti di àmì pé mo ti bà á jẹ́. Àkísà kan náà, àwọ̀ kan náà lórí rẹ̀.

Ìlọrin tiẹ̀ yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ dídán ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Níbí ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ ṣe lántánà, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Yorùbá ń fi sọ́rùn, kí iṣẹ́ náà tó rọlẹ̀ ní ọ̀rúndún tó kọjá. Lílọ ni wọ́n ń lọ òkúta náà títí á fi dán. Kò sí ohun tí wọ́n fi kún un, ohun tí wọ́n yọ kúrò lára rẹ̀ ló ń dán. Rọ́bín náà nìyẹn. A máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé dídán jẹ́ ohun tí èèyàn ń fi sí ọkọ̀, bí ìpara. Gígé ni. Ìyàtọ̀ wọn ni pé òkúta lántánà, bó o gé e títí, òkúta náà ló kù nísàlẹ̀.

Kódà iná iwájú ọkọ̀ bá ọ̀nà yìí lọ. Dígí gidi ni ti 504, o lè fi ohunkóhun nù ún. Ti ìsinsìnyí, ike polycarbonate ni, wọ́n sì fi awọ kan tí kò ṣeé rí bò ó nítorí oòrùn. Bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àwọn èèyàn wa á mú ọṣẹ ìfọyín tàbí sáńpépà, wọ́n á ra á, á sì mọ́ lóòótọ́. Ẹ padà wò ó lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Awọ náà ti lọ, kò sí ẹni tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ike ìhòòhò ló kù fún oòrùn Ìlọrin. Mo ṣe èyí náà fún ọkọ̀ ara mi, lẹ́ẹ̀mejì.

Lábẹ́ igi dóńgóyárò

Nígbà tí mo dé láti Gaa-Akanbi, mo lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ nítòsí wa, lábẹ́ igi dóńgóyárò, mo sì pinnu pé mi ò ní sọ̀rọ̀. Ó ṣòro fún mi díẹ̀.

Ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ kan níbẹ̀ kò tíì tó ogún ọdún. Ọyẹ́ ò tíì tán nílẹ̀ dáadáa nígbà náà, eruku bo ọkọ̀ náà débi pé ẹnì kan ti fi ìka kọ orúkọ sí gíláàsì ẹ̀yìn. Eruku yẹn kì í ṣe ìyẹ̀fun lásán. Apá Sàhárà ni atẹ́gùn ti ń gbé e wá, quartz sì wà nínú rẹ̀, òkúta tó le ju irin ọ̀bẹ lọ. Ọmọ náà po ọṣẹ ẹlẹ́bú sínú garawa kan, ó mú fóòmù tí wọ́n gé lára bẹ́ẹ̀dì, ó kọ́kọ́ fi fọ ríìmù àti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi fóòmù kan náà, nínú omi kan náà, gun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó kan nínù, táwẹ́ẹ̀lì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí yanrìn. Ó mú un, ó gbọ̀n ọ́n mọ́ itan lẹ́ẹ̀mejì, ó ń nù lọ.

Tẹ́lẹ̀, màá ti dìde. Àmọ́ mo gbọ́ ohùn Alhaji tó ni ọkọ̀ náà láti orí àga: “Tẹ ọwọ́ mọ́ ọn jàre! Ṣé o ò jẹun ni?” Ọmọ náà tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn mi ni. Ohùn Ọ̀gá ni. Ọdún pípẹ́ ni gbogbo wa ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ yìí pé ìmọ́tótó wà nínú agbára apá, wọ́n gbọ́ tiwa, a wá ń bínú sí wọn.

Ohun tí agbára apá ń ṣe, ẹ lọ wò ó nílé epo lálẹ́. Ẹ gbé ọkọ̀ dúdú sábẹ́ iná, ẹ ó rí i bí òwú aláǹtakùn ṣe yí iná náà ká lójú ọ̀dà. Ó máa ń dà bí ẹni pé ẹni tó nù ún ló ń nù ún ní róbótó róbótó. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ni àwọn ìlà náà gbà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Èyí tó bá dábùú iná nìkan ni iná ń fi hàn wá. Bí o bá sún díẹ̀, òwú náà á bá ọ sún. Inú kílíà náà ni gbogbo wọn wà, ẹni tó bá sì fẹ́ pa wọ́n rẹ́, á tún gé kílíà náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe ń gbó lọ́wọ́ ìmọ́tótó.

Nígbà tí Alhaji lọ, mo bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo ní kó kọ́kọ́ da omi tó pọ̀ sára ọkọ̀ kí yanrìn ṣàn lọ kí aṣọ kankan tó kàn án. Kó ní garawa kejì tí á máa fi fóòmù ṣàn kó tó ti í bọ inú ọṣẹ. Kó bẹ̀rẹ̀ láti òrùlé wá sísàlẹ̀, kí táyà gbẹ̀yìn, kó sì ní aṣọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Táwẹ́ẹ̀lì tó bá jábọ́, kó di ti táyà títí wọ́n á fi fọ̀ ọ́. Ọṣẹ ẹlẹ́bú, ọ̀tá pòlíìṣì ni, ó ń bó o kúrò lára ọkọ̀ ni. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, lọ́wọ́ mẹ́ruwà la ti ń ra omi. Tí mo bá sì fọ ọ̀kan bẹ́ẹ̀ yẹn, àwọn méjì tó wà lẹ́yìn á ti lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.”

Mi ò rí èsì kankan fọ̀ sí i. Ọjọ́ kejì mo ra garawa kan fún un. Ó ń fi jókòó.

(Nípa ti dísù tí wọ́n ń fi pa táyà kó lè dúdú: ó ń jẹ rọ́bà. Kò sí àlàyé mìíràn níbẹ̀. Nípa ti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tu omi sí pẹ̀lú agbára: bàbá wa kan lè sọ fún yín pé òun ṣe é fún 504 fún ogún ọdún, òótọ́ ni. Wáyà inú 504 kò ju èyí tí èèyàn lè kà lọ. Ẹ fi ọwọ́ kan orí ẹ́ńjìnnì Corolla kí ẹ wo iye sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀, kí ẹ tó ní kí wọ́n tu omi sí i.)

Àjàṣẹ́

Ọ̀gá ti kúrò ní Gárejì Òfà tipẹ́. Àjàṣẹ́-Ìpo ló wà báyìí, lẹ́bàá oríta níbi tí ọ̀nà Òfà ti ya kúrò lára ti Òmù-Àrán, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló sì ń bá a ṣiṣẹ́. Mo yá ọkọ̀ àbúrò mi lọ́jọ́ Àìkú kan, mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ kí ẹnì kan. Kò bi mí léèrè ẹni náà. Ó kàn ju kọ́kọ́rọ́ sí mi.

Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń tún ọ̀rọ̀ náà tò. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ pé iṣẹ́ náà ti kú? Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde, ó béèrè àwọn ọmọ, ó ní mo ti sanra. Kí n tó sọ nǹkan kan, ó ti rìn lọ sídìí ọkọ̀ náà, nítorí kò sí ọkọ̀ tó lè dúró níwájú ọkùnrin yẹn kó má yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú rẹ̀ ò ríran bíi tàná mọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń wò. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra bọ́nẹ́ẹ̀tì náà láti òsì lọ sí ọ̀tún, ó dé ibẹ̀, ó dúró.

“Ta ló ṣe eléyìí?”

“Èmi ni, sà.”

Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó tún fi ọwọ́ kàn án. Ó ní, “Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ni.”

A jókòó. Mo ṣàlàyé kílíà fún un bí ọmọkùnrin Gaa-Akanbi ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo sì rò pé á bá mi jà. Kò jà. Ó ní láti ìgbà tí tòkúnbọ̀ ti kún ìlú ni òun ti rí i pé àkísà òun ò mu àwọ̀ mọ́. Ayédèrú rọ́bín ló pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pààrọ̀ ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ó pè é ní olè lójú ọjà, wọn ò sì kí ara wọn mọ́ títí ọkùnrin náà fi kú.

“Rọ́bín ẹ̀ dáa,” ni Ọ̀gá wí. Ó tún un sọ. “Rọ́bín ẹ̀ dáa, àbí?”

Mo ní, “Ó dáa, sà.”

Mo ronú kan pẹ́ńtà inú ọgbà wa ìgbà náà, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí wa, tó máa ń fín kílíà sára ọkọ̀ ńlá ńlá nígbà tí wọ́n bá gbé wọn wá. Ó mọ̀. Ó máa ń rí àwọn àkísà wa lórí okùn lójoojúmọ́. Bóyá òun náà rò pé a mọ̀ ni. Bóyá kò rò wá sí rárá.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí Ọ̀gá pe ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan wà nílẹ̀ tí oníbàárà ní kí wọ́n rọ́bín kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ náà sì ti ka aṣọ mọ́ ọwọ́. Ọ̀gá kọjú sí mi. “Èmi, àkísà ni mo sọ fún ẹ pé kó o máa wò. Ó dáa. Èyí ńkọ́? Kí ni kí n ní kó máa wò?”

Mo ní iná ni. Mo ní kó má wo ọwọ́ rẹ̀ rárá, kó máa tan iná sí ojú ọ̀dà láti ẹ̀gbẹ́, kó máa wò ó ní gbogbo ìgbà tó bá ra á díẹ̀, kó sì dúró níbi tó bá ti sàn, kó má dúró de ibi tó bá ti pé. Ìlà tó bá jìn tó èyí tí èékánná lè há sí, kó fi sílẹ̀ fún pẹ́ńtà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo dà á lé ilẹ̀kùn ọkọ̀ eérú náà. Òwú aláǹtakùn náà yọ, ó yí iná ká, ìpele lórí ìpele, bí ìgbà tí òkúta bọ́ sómi.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà náà. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó wo ilẹ̀kùn iwájú, ó wo ti ẹ̀yìn, ó lọ sí ìdí búùtù. Ọmọ náà dúró pẹ̀lú agolo rọ́bín lọ́wọ́. Ó ní, “Bàbá, ṣé kí n ṣí i?”

Bàbá ò dá a lóhùn. Ó ti kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀ náà, iná fóònù mi nìkan la rí, ó ń lọ díẹ̀, ó ń dúró.